Títọ́ Ọmọ Ajá Alsatian ní Àkúrẹ́

Nínú àwọn ajá tí wọ́n ń sìn sínú ọgbà ilé ní Àkúrẹ́, láti Alágbàká dé Ìjàpọ̀ títí dé àwọn ilé tuntun ojú ọ̀nà Ọbà-Ilé, Alsatian wà lára àwọn tí ojú mọ̀ jù. Ìṣọ́ ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ rà á. Etí rẹ̀ a dúró ṣanṣan, ohùn rẹ̀ a dún dé ìpẹ̀kun àdúgbò, olè tó bá gbọ́ ọ yóò sì wá ilé mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣọ́ ilé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ìran ajá yìí sílẹ̀. Ajá darandaran ni. Àgùntàn ni wọ́n ń fi í dà. Ibẹ̀ ni ohun tó ń dààmú àwọn tó ń sìn ín ti ṣẹ̀ wá: ọmọ ajá oṣù mẹ́rin ń gé àwọn ọmọdé jẹ ní gìgísẹ̀, ó ń yí adìyẹ po, ó ń lé gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá lẹ́nu géètì, bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ kì í pé méjì láàárọ̀. Àwọn ará ilé a ní ajá burúkú ni. Kì í ṣe burúkú. Iṣẹ́ ló ń wá.

Jámánì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní 1899, Max von Stephanitz, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, rí ajá darandaran kan níbi ìpàtẹ ajá ní ìlú Karlsruhe. Ó rà á, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, ó sì dá ẹgbẹ́ tí yóò máa bójú tó ìran náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Iṣẹ́ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń ṣe lábúlé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Pápá tí àgùntàn ti ń jẹko kò jìnnà sí oko ọkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọgbà kankan láàárín wọn. Ajá fúnra rẹ̀ ni ọgbà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí ààlà, kí àgùntàn má bàa ya wọ ohun ọ̀gbìn. Èyí tó bá yẹsẹ̀, ajá a gé e jẹ wéré láìdá ọgbẹ́ sí i lára, a sì padà sórí ààlà rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín nígbà náà ń yan èyí tí kì í tètè rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun tó ń rìn, tó sì ń bojú wo ọ̀gá rẹ̀ kó lè mọ ohun tó kàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alsatian lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí orúkọ Jámánì kò dùn létí wọn. Òun náà ni German Shepherd tí àwọn tó ń ta ajá ń polówó.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ajá tí wọ́n dìídì ń fi da àgùntàn, àmọ́ ó ní ajá ọdẹ, ọgbọ́n tí àwọn ọdẹ igbó Oǹdó, Ìdànrè àti Òkè-Igbó ń lò fún ọmọ ajá sì wúlò fún Alsatian ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un nínú ọgbà lọ. Ọdẹ kì í so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ títí yóò fi dàgbà kó tó mú un wọ igbó. Ó ń jẹ́ kó bá àgbà ajá rìn, kó máa wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ó ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kó lè máa gbúròó rẹ̀ nínú igbó. Bí wọ́n bá pa ẹran, ajá a rí tirẹ̀ jẹ níbẹ̀, kò ní di ìgbà tí wọ́n bá délé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìpè: bí fèrè bá dún, kí ajá padà. Àwọn àgbà ti rí ìgbẹ̀yìn èyí tí kò padà kí wọ́n tó sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ kí ọmọ ajá lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sílé tuntun. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé eyín ń dunni: èyí tó bá gé èkejì jẹ jù, èkejì a ké, eré a sì dá. Ẹni tó bá gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún nítorí pé owó rẹ̀ dín, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ni yóò san ìyókù.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀lé ìyẹn kò ṣeé fi ṣòfò. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí jù sí ènìyàn àti ohun tuntun. Ohun tí kò bá rí lásìkò yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà á títí ayé, ajá tí ẹ̀rù ń bà ló sì sábà máa ń buni jẹ. Ní Àkúrẹ́, ohun tó yẹ kó mọ̀ pọ̀: ìró jẹnẹrétọ̀, ìlù ṣọ́ọ̀ṣì, ìpè láti mọ́ṣáláṣí, òjò lórí páànù, ọmọléèwé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, bàbá àgbà tó ń tẹ̀pá, ìyá tó ru igbá ọjà, ẹni tó wọ agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹni tó dé àṣíborí ọ̀kadà. Kí wọ́n má ṣe tì í sínú ohunkóhun. Kó máa wò ó láti ọ̀ọ́kán, kó máa jẹ ohun dídùn díẹ̀ díẹ̀, kó sì sún mọ́ ọn nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀ di oṣù December, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin báńgà, yóò rí ajá ńlá tó wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò fẹ́ jáde.

Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìta kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó pé, nítorí parvo. Àrùn yìí, tó kárí ayé ní 1978, ń mú ọmọ ajá bì, ó ń mú un yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó ní in ti lọ. Nítorí náà, gbígbé ni wọ́n ń gbé ọmọ ajá jáde, lápá tàbí nínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n a sì máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Dókítà ẹran ló yẹ kó gún un, kó sì kọ ọ́ sínú káàdì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà lọ́jà tí oòrùn ti pa kò yàtọ̀ sí omi.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí yóò máa gbé. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n ti ajá mọ́ inú kéèjì onírin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lóru. Wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe ń rorò. Ohun tí èyí ń ṣe fún Alsatian kékeré burú. Ajá tí wọ́n dá pé kó máa rìn ní ààlà látàárọ̀ dalẹ́, tí ó wá ń yí po nínú kéèjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìrù ara rẹ̀, yóò máa gbó òjìji, yóò máa fi ẹnu họ ara rẹ̀ títí yóò fi dégbò. Kò mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò, nítorí kò bá ìkankan nínú wọn gbé. Àwọn kan tún ń fi ata tàbí ẹ̀tù ìbọn sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè rorò. Inú rẹ̀ ni èyí ń bàjẹ́, kì í sọ ajá di olùṣọ́. Kéèjì wúlò bí wọ́n bá ń lò ó níwọ̀n: níbi ìbòòji, tí omi wà nínú rẹ̀, fún wákàtí díẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè mójú tó o. Ìgbà yòókù, ibi tí ènìyàn wà ló yẹ kó wà, lẹ́bàá ilé ìdáná tàbí ní fàráńdà, kó máa rí bí ilé ṣe ń rìn.

Oorun náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Ọmọ ajá ń sùn tó wákàtí 16 sí 18 lójúmọ́, Alsatian kì í sì í mọ ìgbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń fò káàkiri ní ìrọ̀lẹ́, tó ń gbá aṣọ àwọn ọmọ mú, tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́, oorun ló ń kùn ún, kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò tíì tán. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n tún ń mú un sáré sí i. Wọ́n lè tẹ́ àpò kan sílẹ̀ fún un, kí wọ́n so okùn kúkúrú mọ́ ọn, kí ẹnì kan jókòó tì í jẹ́ẹ́ láìbá a sọ̀rọ̀. Ìgbàkigbà tó bá dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí oúnjẹ díẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, àpò yẹn nìkan tó láti mú ara rẹ̀ balẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ń tu ilé lára tó èyí.

Gígé gìgísẹ̀ jẹ ni ẹjọ́ tí wọ́n ń rò jù. Ẹsẹ̀ tó ń sáré ló ń pè é, igbe ọmọdé a sì tún mú kó gbóná sí i. Bí wọ́n bá nà án, yóò dáwọ́ dúró lójú ẹni tó nà án, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ náà dúró gbọn-in, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó má wo ojú rẹ̀. Eré ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní ohun tó tọ́ kó fẹnu fà: okùn tí wọ́n hun nípọn, tàbí àkísà jíǹsì tí wọ́n dì lókókó. Láàárín oṣù mẹ́rin sí oṣù méje ni eyín wàrà ń bọ́ tí eyín ńlá ń jáde, èrìgì a sì máa yún un. Aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n fi sínú fíríìsà a máa bá a dẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kí ọmọ kékeré àti ajá wà níbì kan láìsí àgbàlagbà, bó ti wù kí ajá náà jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé tó. Eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń gé e jẹ.

Kíkọ́ ajá ní ọ̀rọ̀ kì í ṣòro bí ilé bá fohùn ṣọ̀kan. Bí bàbá bá ń sọ pé "sit", tí ìyá ń sọ pé "jókòó", tí ọmọ ń sọ pé "fìdí lélẹ̀", ajá kò ní mọ èwo ni tirẹ̀. Yorùbá dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí: "wá", "jókòó", "dúró", "fi sílẹ̀". Fún jókòó, ẹni tó ń kọ́ ọ yóò mú èérún pánla kan tó tó èékánná, yóò gbé e síwájú imú ajá, yóò rọra gbé e lọ sẹ́yìn láàárín etí méjèèjì. Bí imú ṣe ń tẹ̀lé ọwọ́ lọ sókè ni ìdí ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gẹ́rẹ́ tí ìdí bá kan ilẹ̀ ni pánla gbọ́dọ̀ wọ ẹnu. Bí ọwọ́ bá pẹ́, tí ajá sì ti dìde, ìdìde ni wọ́n sanwó fún. Ìgbà tó bá ti ń ṣe é láìṣàṣìṣe ni wọn yóò tó so ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ní kúkúrú sàn ju wákàtí kan lọ.

"Wá" ló ń gba sùúrù jù. Okùn gígùn bíi mítà 10 ni wọ́n ń so mọ́ ọn, kó lè ro pé òun wà lómìnira, kó má sì lè sá. Wọ́n a pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá yíjú padà, kí ẹni tó ń pè é máa fi ẹ̀yìn rìn lọ kíákíá, nítorí ohun tó ń lọ ni ajá yìí ń fẹ́ tẹ̀lé. Bó bá dé, kó bá ohun tó dùn jùlọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan wà tí kò ní àfi: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ajá wá kó sì nà án, tàbí kó pè é wá sínú kéèjì nìkan. Ajá tí wọ́n pè wá jẹ ìyà lẹ́ẹ̀mejì kò ní jẹ́ ìpè kẹta.

Ọ̀kadà àti ewúrẹ́ ni ìdánwò ńlá tí ìgboro Àkúrẹ́ ní fún ajá darandaran. Lílé ohun tó ń sáré dùn mọ́ ọn fúnra rẹ̀, kò dúró de èrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà tó bá lé e ni àṣà náà ń jinlẹ̀ sí i. Ọ̀kadà a sì máa sá lọ nígbà gbogbo, ajá a rò pé òun ló lé e dànù. Nítorí náà, dídènà rẹ̀ ló ṣáájú: géètì tó pa dé ilẹ̀, okùn lọ́rùn nígbàkigbà tó bá jáde. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí ajá ti lè rí ọ̀kadà tó ń kọjá kó sì tún lè jẹun. Ó rí i, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gba ẹran sísè kan. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ ni wọ́n ń sún mọ́ títì. Bó bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ le gan-an, tí ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, wọ́n ti sún mọ́ jù nìyẹn, kí wọ́n padà sẹ́yìn. Bákan náà ni ti ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ tó ń rìn kiri àdúgbò. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá pa ẹran aládùúgbò yóò sanwó rẹ̀, àlàáfíà àárín wọn yóò sì bá a lọ.

Eré ìdárayá kò gbọdọ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbà lọ. Egungun Alsatian kò gbó tán títí di oṣù 12 sí 18, ìran náà sì ní àrùn oríkèé ìbàdí. Fífi okùn fa ọmọ ajá oṣù mẹ́fà tẹ̀lé ọ̀kadà tàbí mímú un fo ògiri lè bà á jẹ́ títí ayé. Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ooru ilẹ̀ yìí sì ń mú un: kí oòrùn tó là àti lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni àsìkò ìrìn, ọ̀dà títì tí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn kò lè gbà kò yẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ń tẹ́ ẹ lọ́rùn ju eré sísá lọ. Wọ́n lè tọ́jú èérún ẹja sábẹ́ ìkòkò àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ káàkiri ọgbà kó máa fi imú wá a. Wọ́n lè kọ́ ọ láti gbé agbọ̀n òfìfo tẹ̀lé ìyá ilé, tàbí láti bá ẹni tó ń ti géètì lálẹ́ yí ọgbà ká. Yíyí ọgbà ká yìí bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu gan-an, nítorí ààlà ló ń tọ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀bà àti egungun nìkan kò lè gbé ajá tó ń dàgbà tó báyìí. Ó ń fẹ́ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ tí kòkó ti pọ̀ tó ti Oǹdó, ewu kan tún wà: kóró kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ àti èèpo rẹ̀ ní theobromine nínú, èyí tó lè mú ọkàn ajá sáré títí yóò fi kú. Kò yẹ kí ọmọ ajá dé ibi tí wọ́n ń sá kòkó. Àwọn kan ń fún un ní oògùn calcium kí etí rẹ̀ lè dúró. Etí a dúró fúnra rẹ̀, nígbà míì kó tó pé oṣù mẹ́fà, calcium tó pọ̀ jù sì lè sọ egungun ajá ńlá di wíwọ́.

Oògùn eégbọn ń fẹ́ àkíyèsí tó ju èyí lọ. Àwọn tó ń ta oògùn ẹran a máa gún ajá ní ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Washington State University ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ajá darandaran kan ní àbùkù nínú àbùdá MDR1, èyí tó yẹ kó máa dènà irú oògùn bẹ́ẹ̀ kó má wọ ọpọlọ. Nínú àwọn ajá ìran Collie, bíi méje nínú mẹ́wàá ló ní in. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú Alsatian náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ajá tó ní in yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè kú. Kí ẹnikẹ́ni má gún Alsatian ní oògùn yìí láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló wọ̀n ọ́n.

Láti oṣù mẹ́fà dé ọdún kan àbọ̀, ajá tó ti ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ a dà bí ẹni tó ti gbàgbé. Kò gbàgbé, ìta ló ń fà á. Okùn gígùn a padà sọ́rùn, èrè a tún pọ̀ sí i. Kò yẹ kó máa dá rìn lásìkò yìí. Ní ìlú Oǹdó, ajá ni ẹran Ògún, ẹran rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lókílí sì ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ajá tó bá ń rìn kiri lè bọ́ sọ́wọ́ olè.

Àsìkò yìí náà ni gbígbó àlejò ń le. Kò sí ìdí láti dẹ ajá sí ènìyàn kó tó lè ṣọ́ ilé. Alsatian a gbó àjèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Èyí tó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ ni dídákẹ́. Bó bá gbó, kí ẹni tó ni ín lọ wo ẹnu géètì, kó sọ pé "ó tó", kó sì pè é lọ sórí àpò rẹ̀, kí àlejò tó wọlé. Ó ń pẹ́ tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ tán.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó bu ènìyàn jẹ, àbí ajá ìta kan ló bu ará ilé jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni wọn yóò fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n má fi ata, epo tàbí irun ajá sí i. Ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí dìgbòlugi kò ní ìwòsàn mọ́ bó bá ti fara hàn lára ènìyàn. Wọn kò gbọdọ̀ pa ajá náà lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣeé so. Kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ náà, àrùn yẹn kò sí nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó buni jẹ, dókítà tó ń tọ́jú ẹni tó bù jẹ sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró.